Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Fọ́máàtì Ẹ̀

Ìyá aránṣọ kan wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ń lo Ubuntu. Ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà ń bẹ níbẹ̀, àwòrán sítáì tí kálukú yàn ń bẹ níbẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ń bẹ níbẹ̀, àwòrán ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tan án, ojú dúdú ló bá pàdé, pẹ̀lú lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́. Ó gbé e lọ bá ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Màmá, Linux yín ti bàjẹ́. Àfi ká fọ́máàtì ẹ̀." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ geere, ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sì sí ìwọ̀n ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ojú dúdú náà tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ló ránṣẹ́ pè.

Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà kò fara sin rárá. Ó kọ ọ́ gbàgàdà pé òun wà ní "emergency mode", ó ní kí n tẹ Enter tí mo bá fẹ́ ṣàtúnṣe. Mo tẹ ẹ́. Mo kọ journalctl -xb, mo ń ka àwọn ìlà tó pupa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bá a níbẹ̀: "Timed out waiting for device". Háàdì dísìkì kan ni ẹ̀rọ yìí dúró dè fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ tí kò rí i. Mo bi Màmá bóyá ẹnì kan ti so háàdì mìíràn mọ́ ọn rí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin tó wà ní yunifásítì máa ń gbé ọ̀kan wálé nígbà ìsinmi, pé fíìmù ló kún inú rẹ̀. Ọmọ yìí ti kọ ìlà kan sínú /etc/fstab, ìyẹn ìwé tí Linux máa ń kà nígbàkígbà tó bá ń jí, kó lè mọ ibi tí dísìkì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ìsinmi parí, ó gbé háàdì rẹ̀, ó padà síléèwé, ó gbàgbé ìlà tó kọ. Linux ò gbàgbé ní tiẹ̀. Ṣe ló jókòó ti oúnjẹ tó ń retí àlejò tó ti wọkọ̀ lọ, nígbà tí kò sì rí i, ó kọ̀, kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi àmì # síwájú ìlà náà kí Linux má baà kà á mọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tan án. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ti jẹ àkàrà méjì nínú ẹ̀. Nígbà tí mo pe ọmọ náà lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ṣe nígbà ìsinmi tó ṣáájú. Ìyẹn ni pé àmì kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju orí èèrà lọ, ni ì bá ti gba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta là. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wá bi mí pé ṣé àwòrán ìkómọjáde náà lè padà. Mo ní kò lè padà mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè dákẹ́ mọ́ tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé bí Linux bá ti ń ṣe ségesège nílé, kí a nù ún kúrò, kí a fi tuntun sí i. Èrò yìí ti gba ìgboro kan. Àwọn tó ń fi títún ẹ̀rọ ṣe jẹun ń sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ díẹ̀ ń sọ ọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa náà ń sọ ọ́: wọ́n á ní fífi Linux sí ẹ̀rọ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kí lèèyàn ń wá kiri nínú àkọsílẹ̀? Èmi ní ẹ̀rọ tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún ni wọ́n ń sọ di odi.

Mo mọ ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀, mi ò sì bá àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wí. Láyé Windows 98 àti XP, fáírọ́ọ̀sì ń ti orí fláàṣì kan bọ́ sórí òmíràn ní gbogbo káfè bí ìgbà tí ìgbóná bá wọ̀lú. Ojú búlúù á kàn là sí èèyàn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fọ́máàtì nígbà yẹn, ọgbọ́n ló fi ṣe é. Àmọ́ ìdílé tí Linux ti wá yàtọ̀. Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé e jáde ní 1991, ìlànà Unix ló tẹ̀ lé, ẹ̀rọ Unix sì ti ń kọ ìwé ohun tójú rẹ̀ ń rí ṣáájú ìgbà náà. Ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, Eric Allman ń ṣiṣẹ́ lórí Sendmail, ètò tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó ṣe syslog mọ́ ọn kí ètò náà lè máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀, àwọn ètò yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá a lò. Ogún ìdílé ni. Títí di òní, ẹ̀rọ Linux inú yàrá yín ṣì ń kọ nǹkan sílẹ̀: wáyà tí wọ́n yọ, ètò tó ṣubú, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú àáyá tó ṣẹlẹ̀. Kọ journalctl -b -1 -p err, ó máa kó gbogbo àṣìṣe ìgbà tí o tan án ṣáájú ti ìsinsìnyí síwájú rẹ. Ẹni tó bá fọ́máàtì ti dáná sun ìwé ẹ̀rí kí adájọ́ tó dé kọ́ọ̀tù.

Wọ́n á ní, "Ṣebí ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a fọ́máàtì ẹ̀?" Ibí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn náà wà.

Èmi náà jẹ̀bi rí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lójijì. Màá máa kọ̀wé lọ, Firefox á ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lójijì máòsì á kọ̀, aago igun ojú ẹ̀rọ á dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ á tún jí bí ẹni tó sùn lọ níbi ìwàásù. Mo fọ́máàtì ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò ṣe nǹkan kan, mo sì ń yin ara mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi sinmi. Ìtìjú ló wá gbé mi dé ìdí àkọsílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dá dúró, ìlà méjì kan náà ló ń kọ: "failed command: READ FPDMA QUEUED", lẹ́yìn náà "hard resetting link". Mo ní háàdì mi ti ń kú lọ nìyẹn. Mo kọ smartctl -a /dev/sda kí n lè gbọ́ tẹnu háàdì fúnra rẹ̀, nítorí háàdì náà ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ. Níbi tó ti ń ka iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀, Reallocated_Sector_Ct, òdo ló kọ síbẹ̀. Ara rẹ̀ le koko. Àmọ́ níwájú UDMA_CRC_Error_Count, ó kọ 1,846.

Nọ́ńbà kejì yìí kì í ka àrùn háàdì. Iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu háàdì dáadáa tó sì dàrú lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà. Ojú ọ̀nà ni. Mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo wo wáyà SATA pupa kan tó ti háàdì lọ sára mádàbọ́ọ̀dù, mo fi ìka kan tì í, ó mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo yọ òmíràn lára ẹ̀rọ kan tó ti kú tipẹ́, mo fi rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í dínkù, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i wò lónìí, 1,846 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì fi ẹyọ kan lé e láti ìgbà náà.

Kí ló wá dé tí fọ́máàtì fi "ṣiṣẹ́" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Torí pé nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fọ́máàtì, mo máa ń ṣí ikùn ẹ̀rọ náà kí n fẹ́ eruku inú rẹ̀, ọwọ́ mi á sì kan wáyà yẹn, á wọlé dáadáa. Ọwọ́ mi ló ṣe iṣẹ́, fọ́máàtì ló gba ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ̀rọ ń falẹ̀ torí pé dísìkì ti kún dẹ́nu, fọ́máàtì kó gbogbo rẹ̀ dànù, ó di pé ẹ̀rọ yá. Bẹ́ẹ̀ df -h ì bá ti sọ ibi tó kún, journalctl --vacuum-size=200M ì bá sì ti gé àkọsílẹ̀ tó sanra jù kù láìfọwọ́ kan fáìlì ẹnikẹ́ni. Ìlà tí ọmọ Màmá kọ sínú fstab, fọ́máàtì nu òun náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Tí eku bá wà nínú ilé, tí o sì sun ilé náà, eku á kú lóòótọ́.

Èyí tó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹlẹ́kún, ni ti iná mànàmáná. Gbogbo wa la mọ bí àwọn oníná, tí a ṣì ń pè ní NEPA, ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ orí tábìlì kò ní bátìrì bíi ti alágbèéká. Tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sára dísìkì, ọ̀rọ̀ á gé sí méjì lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tí Linux sábà ń gbà to fáìlì, ext4, ti múra sílẹ̀ fún irú èyí: ó kọ́kọ́ máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan kó tó ṣe é, tí iná bá dé, á ka ìwé náà, á parí èyí tó lè parí, á fagi lé ìyókù. Ọjọ́ púpọ̀ lẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣá, ìbàjẹ́ náà á ju agbára rẹ̀ lọ, á sì dúró síbi tó kọ (initramfs) sí, á máa wo yín. Lókè ibẹ̀, ó ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: "RUN fsck MANUALLY". Ó ti sọ àrùn, ó ti sọ oògùn, ó ti sọ ẹni tó máa lò ó. Kọ fsck, fi orúkọ dísìkì tó dárúkọ tẹ̀ lé e, fèsì ìbéèrè tó bá bi ọ́, kọ exit, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó jókòó síwájú gbólóhùn yìí, tó kà á jáde ketekete, tó sì tún nawọ́ mú fláàṣì tó fẹ́ fi fọ́máàtì.

Àwọn tó ń gba fọ́máàtì nímọ̀ràn náà ni wọ́n tún ń pín "àṣẹ tó ń mú Linux yára" kiri, èmi ò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àrùn kan náà ni: oògùn ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹnì kan á wo free -h, á rí i pé nínú RAM GB 8 tóun ní, MB 300 péré ló kù lábẹ́ "free", á fariwo bọnu. Kò wo ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí wọ́n kọ "available" sí, tí GB 5 wà níbẹ̀. Linux kì í jẹ́ kí RAM jókòó lásán. Fáìlì tó bá ti kà lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí i, kó má baà padà lọ sídìí dísìkì tó ń falẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ètò kan bá nílò àyè, á kó ẹ̀dà náà kúrò fún un. Àmọ́ wọ́n ti ní kí ẹni yìí kọ 3 sínú /proc/sys/vm/drop_caches ní wákàtíwákàtí, kó lè máa kó gbogbo ẹ̀dà náà dànù. Ẹ fojú inú wo ìyá olóńjẹ tó ti kó àwo, ṣíbí àti ìkòkò ata sórí tábìlì láàárọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa yá. Wákàtí kan, ẹnì kan dé, ó ní tábìlì ti kún jù, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú yàrá. Ìyá náà tún ń sáré lọ kó wọn. Wákàtí kejì, ẹni yẹn tún dé. Orúkọ tí wọ́n ń pe èyí ni títún ẹ̀rọ ṣe kó lè yára.

Swappiness náà ńkọ́? 60 ló sábà máa ń wà, gbogbo wọn á ní kó o sọ ọ́ di 10, bí ẹni ka adúrà àkọ́sórí. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ fún Linux èyí tí kó kọ́kọ́ gbé kúrò nígbà tí RAM bá há ni, bóyá ẹ̀dà fáìlì ni tàbí ohun tí ètò gbé lọ́wọ́. Kò fi RAM kún RAM. Ẹ̀rọ oní-GB 4 tí èèyàn ṣí ojú ewé Chrome ogójì sórí rẹ̀, ebi ló ń pa á. RAM ni kó rà fún un, tí owó ò bá sì sí, kó lo zram, tó ń fún ohun inú RAM pọ̀ kó lè gbà sí i. Fedora ti fi í ṣe bárakú láti ẹ̀dà 33 ní 2020. Nínú ilé tèmi, àṣẹ kọ́ ni ohun tó tíì mú ẹ̀rọ yára jù. Ìgbà ọyẹ́ ni, ẹ̀rọ ń fà bí ìgbín. Mo kọ sensors, ó ní ooru CPU ti ń lé ní 90. Tó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń dẹ eré sísá kó má baà jóná. Mo ṣí i, mo yọ eruku tó dì bí òwú láàárín fáànù àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ooru wálẹ̀ sí 60 àti díẹ̀. Ìyàwó mi ní òun rò pé mo ra tuntun ni.

Ẹ jẹ́ kí n fún àwọn tí mò ń bá jà ní ẹ̀tọ́ wọn. Tí ẹlòmíràn bá ti wọ inú ẹ̀rọ rẹ tó sì ti gba agbára ọ̀gá níbẹ̀, nù ún kúrò, má ṣe bá a dúnàádúrà. Tí ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀ bá ti gbó kọjá ohun tí wọ́n ń tọ́jú, fi tuntun sí i. Tí Current_Pending_Sector bá ń gòkè lójoojúmọ́, háàdì náà ti ń múra àtilọ, kí o dá fáìlì sílẹ̀ kíákíá kó o sì ra òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, má tiẹ̀ dán fsck wò kí o tó dà á kọ. Àmọ́ ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí èèyàn lè mọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè. Ẹni tó fẹ́ fọ́máàtì lọ́nà ẹ̀tọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ kàwé náà ṣáájú.

Wọ́n tún ní àkókò lowó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáìlì Ubuntu 24.04 tí èèyàn máa wà sórí fláàṣì ń lọ sí GB 6. Lẹ́yìn tó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wa àtúnṣe oṣù mélòó kan. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ta dátà lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ owó: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a tún máa bẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ẹ̀yin tí kì í kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ò lè mọ èyí. Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá láàárín ti Nàìjíríà, àmọ́ ó di dandan kí èèyàn lọ yàn án, kó tún bọ́tìnnì tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀ ṣe kó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí mo fọ́máàtì lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni "ọkọ̀" àti "ọkọ" fi jẹ́ ohun kan náà nínú ìwé mi.

Àtakò kan ló lágbára lójú mi: pé Màmá aránṣọ ò lè ka journalctl, pé kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ní ẹni tó lè pè. Òótọ́ ni. Àmọ́ Màmá kọ́ ló yẹ kó kà á. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí onítọ̀hún ò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, fláàṣì tó fẹ́ fi fọ́máàtì yẹn gan-an lè gbé Linux dìde láìfọwọ́ kan dísìkì. Á ṣí fódà Màmá, á da gbogbo rẹ̀ sórí háàdì mìíràn, kó tó wá ṣe ohun tó bá wù ú. Wákàtí kan lè tó. Èmi ò rí àwáwí kankan fún ẹni tí kò ṣe ìyẹn, mi ò sì ní wá ọ̀kan fún un.

Nǹkan kan ni mo kọ́ Màmá. Mo ní tí ojú dúdú bá tún dé, kó má pa á, kó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àwòrán kan gbà. Ojú dúdú kọ́ ni o. Ìwé /etc/fstab ló yà, pẹ̀lú ìka ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìsinmi ti dé, háàdì fíìmù ti padà. Ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé àwòrán náà: ó ní òun ò jẹ́ kó fi í pa mọ́ títí tó fi kọ nofail sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún Linux pé kó jí bí háàdì náà ò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, pé ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ nìyẹn.